Awọ Tí Mo Fi Ẹ̀wù Bò

Ẹ má wo bí mo ṣe rí báyìí o. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, bí mo bá wọ kẹ̀kẹ́ ní Òṣogbo, owó ẹni méjì ni awakọ̀ ń gbà lọ́wọ́ mi, á sì tún máa ṣàdúà fún táyà rẹ̀ títí a ó fi dé. Ní Kuta tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Ismaeel lásán. Ismaeel Tírélà ni. Ọmọdé ń pè mí bẹ́ẹ̀, àgbà ń pè mí bẹ́ẹ̀, lémọ́ọ̀mù pàápàá ti ṣèèṣì pè mí bẹ́ẹ̀ níbi wáàsí rí.

Kílò mọ́kànlélàádóje ni mo wọ̀n. Lọ́jọ́ tí àga rọ́bà fọ́ lábẹ́ mi níbi wàlímà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí mo balẹ̀ gbì láàárín èrò, ẹnì kan ké pé, "Ẹ gbé jáàkì wá o!" Mo rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Bí ẹni tó sanra bá ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ara ẹ̀, ẹ̀rín àwọn tó kù kì í fi bẹ́ẹ̀ ta á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo tilẹ̀kùn, mo sunkún. Lọ́sẹ̀ kejì, dókítà wo bí ẹ̀jẹ̀ mi ṣe ru tó, ó wo ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ta lo fẹ́ fi ogún ẹ sílẹ̀ fún?"

Mo dín oúnjẹ kù. Mo ń rìn. Ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ gbáko. Nígbà tó parí, mo ku kílò méjìlélọ́gọ́rin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ìtàn ti parí síbẹ̀, ẹ jókòó dáadáa. Lọ́jọ́ tí gbogbo èèyàn ń bá mi yọ̀, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́ mi sọ́nà, Morádéyọ̀, fà mí sí kọ̀rọ̀. "Ismaeel," ó ní, "àwọn tó sọ ọ́ kalẹ̀ pọ̀. Àwọn tí kò tún gbé e padà ni ò pọ̀. Ara ẹ ò gbàgbé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Á máa wá ọ̀nà ilé."

Ọjọ́ náà ni ẹ̀rù wọ̀ mí lára, kò sì jáde mọ́. Bó bá ṣe ejò ni, èèyàn á rí i, á sá. Èyí tèmi, èmi àti òun jọ ń wọ ṣòkòtò kan náà ni. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mà á gun orí ìwọ̀n pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù, mà á dijú, mà á ṣe bísímílà, kí n tó wo ilẹ̀. Méjìlélọ́gọ́rin: alihamudulilahi. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin: kò sí ẹ̀bà lónìí. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin: àyà mi á máa lù kìkì títí di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí mo ríṣẹ́ ní yàrá ìkàwé yunifásítì kan ní Ìwó, mo dúpẹ́ pé ìlú tí ẹnì kankan ò ti mọ Tírélà nìyí. Ìyá mi ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní Ìlọrin, nítorí náà mi ò fẹsẹ̀ tẹ Kuta mọ́. Mo dáná sun gbogbo fọ́tò mi àtijọ́. Mo pa àwọn tó wà lórí fóònù rẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò rí sun: awọ. Nígbà tí ọ̀rá ń lọ, kò kó àpò rẹ̀ dání. Awọ ikùn mi rọ̀ sílẹ̀ wọ̀jọ̀wọ̀jọ̀. Mo máa ń ká a bí ẹní ni, mà á kì í bọ ṣòkòtò, mà á fi bẹ́líìtì dè é, mà á wá da bùbá ńlá bò ó.

Mo ní bó bá ti rí báyìí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láyé. Bẹ́ẹ̀ ni mo lọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kan.

*

Mẹ́ta ni wá lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà. Halimah, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ló wà láàárín. Ọmọbìnrin tó wà lọ́wọ́ òsì ẹ̀ ń bó ẹ̀pà sísè, ṣọ́ọ̀kì funfun wà lápá hìjáàbù ẹ̀.

"Balqees nìyí, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi," ni Halimah wí. "Tíṣà ni. Bó o bá ń sọ̀rọ̀ láìnawọ́ sókè, á nà ẹ́."

Mo nawọ́ sókè. Balqees rẹ́rìn-ín, ó na ẹ̀pà sí mi. Ẹ̀pà méje ni. Ìdí tí mo fi mọ̀ ni pé mi ò jẹ ohunkóhun tí mi ò kà nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbójú sókè kúrò lára ẹ̀pà, tí mo rí ojú ọmọ náà, mi ò rántí iye tí mo ti jẹ mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún méjì.

Àfi bí ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan tó jókòó ti awakọ̀ níwájú ṣe sọ̀. Kẹ̀kẹ́ náà gbéra sókè bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Balqees mi orí, ó ní, "Obìnrin tó bá máa fẹ́ ìyẹn, ibùsùn onírin ni kí bàbá ẹ̀ fi sìn ín lọ."

Halimah bú sẹ́rìn-ín. Èmi ńkọ́? Mo rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Mo tún ní, "Kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tì í nísàlẹ̀!" Òógùn tútù sì ń ṣàn lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín náà. Mo ní nínú ara mi pé, Ismaeel, sọ̀ kalẹ̀. Sọ̀ kalẹ̀ níbí yìí kó o má wẹ̀yìn wò.

Mi ò sọ̀. Títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn ni mo bá wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ibùsọ̀ mi ti kọjá tipẹ́.

*

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Halimah ti di alárinà. Ó ń gbé "ó kí ẹ" lọ, ó ń gbé "ó ní òun gbọ́" bọ̀. Lóṣù kejì, Balqees gbà. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun, Halimah gbé kúlà pupa kan kalẹ̀ lórí tábìlì mi.

"Kí nìyí?"

"Ìyàwó ẹ ló ní kí n gbé e fún ẹ."

Mo ṣí i. Yéè! Ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ ata, dòdò, mọ́ínmọ́ín ńlá méjì, ẹran màlúù tó ń dán bí bàtà ọdún. Mo pa á dé.

"Halimah, tí mo bá jẹ ìdajì ńkọ́?"

Ojú ẹ̀ yí padà. "Ismaeel, gbọ́ mi dáadáa. Tí obìnrin ilé wa bá gbé kúlà ránṣẹ́ sí ọkùnrin, tí oúnjẹ bá padà bọ̀ nínú ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ni ọkùnrin yẹn dá padà. Bàbá ẹ̀ á bi í pé, ṣé ó jẹ ẹ́ tán? Kí ló fẹ́ wí?"

Mo jẹ ẹ́ tán. Ká má purọ́, ó dùn dé orí. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Bí mo ṣe gbé ṣíbí kalẹ̀, ebi tí mo ti ń tì mọ́lé láti ọdún méjì jí dìde, ó na ara, ó ní, "Èwo ló kù?"

Mo wọ bàtà mi. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Ìwó dé Olúpọ̀nnà, mo ṣẹ́rí padà, mo tún fẹsẹ̀ rìn wálé. Àwọn ọlọ́kadà ń pè mí, "Bùọ̀dá, ẹ gòkè!" Mo ń juwọ́ sí wọn bí òṣèlú.

Jímọ̀ kejì, kúlà dé. Jímọ̀ kẹta, ó wúwo sí i. Mo ń jẹ, mo ń rìn. Kí ìrẹsì ó tó dà nínú mi, mo ti dé Olúpọ̀nnà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ò lè bá ẹnu sáré. Nígbà tó fi máa di oṣù márùn-ún, mo gun ìwọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo lajú, mo sì rí mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún gun un. Mo bọ́ aago ọwọ́, mo tún gun un. Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.

Ó ń bọ̀. Tírélà ń bọ̀. Mo ń gbọ́ fèrè ẹ̀ lókèèrè.

Lọ́jọ́ náà Balqees pè mí. "Bùọ̀dá Ismaeel, ohùn yín ò dáa. Ṣé kò sí?"

Sọ fún un, ni ọkàn mi wí. Mo tún gbọ́ ọ bó ṣe ń wí ti ibùsùn onírin. "Iṣẹ́ ló pọ̀," ni mo wí.

"Níbo lẹ máa ń sáré lọ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀? Halimah ní ẹ kì í dúró gbọ́ ó dàbọ̀."

"Mo... mo máa ń lọ rí ẹnì kan."

Ẹ ò rí i bí ẹ̀rù ṣe ń fi ẹnu ẹni sọ̀rọ̀? Ó wá ní, "Bàbá mi fẹ́ rí yín lọ́jọ́ Sánńdè, lẹ́yìn ìrun Àìlà." Kò kí mi kó tó pa fóònù.

*

Mo rò pé ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n fẹ́ dá. Mo rán fìlà tuntun. Èmi àti Halimah wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Àfáà Abdulfatah, bàbá Balqees, jókòó sórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ogún ọdún ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, ojú ẹ̀ sì lè mú kí ewúrẹ́ rántí àlífà. Abdulmajeed, àbúrò ẹ̀, jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Aṣọ ìkélé kan wà lẹ́yìn wọn. Mo rí ẹsẹ̀ Balqees nísàlẹ̀ ẹ̀.

Wọn ò ní kí n dìde.

"Ta ni ẹ́?" ni Àfáà bi mí.

"Ismaeel ni, sà."

"Ismaeel wo?"

"Ọmọ Ọládépò, ará Kuta."

"Irọ́!" Abdulmajeed fò dìde. "Ẹ̀gbọ́n, mo sọ fún yín! Èmi fúnra mi ni mo lọ ṣe ìwádìí ní Kuta. Mo fi fọ́tò ọkùnrin yìí han onígbàjámọ̀, mo fi han ìyá tó ń ta èlùbọ́, mo fi han lémọ́ọ̀mù. Wọn ò mọ̀ ọ́n rí! Wọ́n ní Ismaeel ọmọ Ọládépò tí àwọn mọ̀, bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, inú ilé á ṣú. Lémọ́ọ̀mù tiẹ̀ ń bi mí pé, 'Ṣé kì í ṣe pé ẹni yìí pa ọmọ wa, kó tó jí orúkọ ẹ̀?'"

Halimah fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ìyẹn nìkan kọ́," ni Abdulmajeed wí. "Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, àwọn ọlọ́kadà ń rí i, á máa sáré lọ sí Olúpọ̀nnà, á máa làágùn. Ìyàwó wo lo fi síbẹ̀? Gbájúẹ̀!"

"Èmi ni!" Mo gbórí sókè nílẹ̀. "Èmi gan-an ni Ismaeel Tírélà! Mo sanra tẹ́lẹ̀ ni."

Abdulmajeed wò mí láti òkè délẹ̀. "Níbo lo wá gbé ìyókù sí?"

"Ẹ jẹ́ kí n pe ìyá mi ní Ìlọrin."

Àfáà ní, "Ẹni tó lè yá orúkọ, ó lè yá ìyá. Fọ́tò ńkọ́?"

"Mo... mo ti dáná sun wọ́n."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Àfáà. "Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan," ó ní jẹ́jẹ́, "kì í sun fọ́tò ara ẹ̀. Abdulmajeed, pe àwọn ọlọ́pàá."

Mo gbọ́ tí Balqees ń mí ẹ̀kún lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ló kù fún mi láyé, ara mi ló sì wà. Bí mo bá bò ó, mo dèrò àgọ́ ọlọ́pàá. Bí mo bá ṣí i, Balqees á rí i. Mi ò mọ èyí tí mo bẹ̀rù jù.

Mo dìde, mo di etí bùbá mi mú.

"Dúró ńbẹ̀!" ni Àfáà pariwo. "Obìnrin wà níbí!"

"Mi ò ní kọjá ìdodo, sà."

Mo gbé e sókè. Mo tú bẹ́líìtì díẹ̀. Awọ náà ṣàn wálẹ̀ wọ̀ọ̀, ìpele kan lórí ìkejì. Mo dijú bí mo ṣe máa ń dijú lórí ìwọ̀n. Mo gbọ́ tí aṣọ ìkélé mì.

Àfáà súnmọ́ mi. Ó bọ́ gíláàsì, ó tún wọ̀ ọ́. Ó fi ìka kan kàn án, ó yára fà á padà. "Subuhaanallah!"

Abdulmajeed pa fóònù. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "òun ni o. Ilé nìyí. Onílé ló kó jáde."

Mo mí kanlẹ̀. Mo rò pé ó tán. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo wá wo ojú Àfáà: ó ti ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó lọ gbé Kùránì sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ.

"Ìyá Balqees sanra," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, gbogbo wa yọ̀, mo pa ẹran. Kò pé ọdún méjì, ọ̀rá náà padà dé, ó tún mú àlejò wá. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi sin ín. Mi ò ní fi ojú mi wo ọmọ mi nípò opó." Ó na Kùránì sí mi. "Fọwọ́ lé e. Búra pé kò ní padà."

Halimah ti sún mọ́ mi padà. "Búra jàre!" ó sọ sí mi létí. "Sọ pé inṣa Allah, ká máa lọ!"

Mo na ọwọ́. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú.

"Mi ò lè búra, sà."

"Kí lo wí?"

"Láàárọ̀ yìí, kílò márùn-ún ti padà. Láàárín oṣù márùn-ún péré. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí tọ̀sán-tòru. Ti òní nìkan ni mo lè ṣe. Bílẹ̀ bá mọ́, mà á tún ṣe ti ọ̀la. Mi ò mọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀."

"Kí ló gbé márùn-ún padà?"

Mo wolẹ̀. "Kúlà ni, sà."

"Kúlà wo?"

"Kúlà... Balqees."

"Èmi?!" Aṣọ ìkélé fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Balqees jáde sáàárín ilé, omijé lójú, ọwọ́ níbàdí. "Ẹ sì ń jẹ ẹ́ tán! Kúlà yẹn ń padà bí ẹni pé wọ́n fi ahọ́n fọ̀ ọ́! Èmi rò pé ẹ kì í yó ni, mo ń bù ú kún!"

"Ẹ̀rù ń bà mí láti dá a padà. Halimah ní..."

"Halimah!"

"Ṣé èmi ni mo ní kó má sọ̀rọ̀ ni?" Halimah ti ń wá ọ̀nà ilé ìdáná. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ wo nǹkan."

"Olúpọ̀nnà ńkọ́?" ni Balqees bi mí. "Ta lẹ ń lọ rí?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ìrẹsì ẹ ni mo ń rìn dànù."

Abdulmajeed sín ẹ̀rín jáde, ó yára sọ ọ́ di ikọ́. Àfáà ò rẹ́rìn-ín. Kùránì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Nítorí náà, o ò ní búra?"

"Rárá, sà."

Mo bẹ̀rẹ̀ mú fìlà mi nílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti parí. Ó tiẹ̀ dà bí ẹni pé ara fẹ́ fúyẹ́ mi, àfi bí àyà ṣe ń ro mí.

Balqees kúnlẹ̀ níwájú bàbá ẹ̀. "Bàbá, ẹ má jẹ́ kó búra. Màámi búra fún yín."

Àfáà yíjú sí i.

"Mo wà níbẹ̀, Bàbá. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá, ojú ìbúra yẹn ń tì wọ́n. Wọ́n ń wọ abáyà tó fẹ̀. Wọn ò jẹ oúnjẹ lójú wa mọ́, àfi ní kọ̀rọ̀. Wọn ò lọ rí dókítà mọ́, nítorí ẹ máa ń bá wọn lọ, ẹ̀ẹ́ sì rí i lórí ìwọ̀n. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Wọ́n ní kí n má sọ, mi ò sì sọ." Ó nu ojú ẹ̀ pẹ̀lú apá hìjáàbù. "Mo ń fi àwọn tó sanra ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri kẹ̀kẹ́, kí n má bàa rántí."

Àfáà jókòó sílẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹ̀. Ó gbé Kùránì lé orí itan. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti kéré. "Nígbà náà, kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ní sàdáàkì ìgbéyàwó?"

Balqees yíjú sí mi. "Lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá ń bà á, kó sọ fún mi. Lọ́jọ́ náà gan-an. Kó má di ọjọ́ kejì."

"Ṣé ìyẹn ṣe é gbé sórí àwo níwájú èrò?" ni Abdulmajeed wí. "Sàdáàkì wo lèyí?"

"Ẹ fi Kùránì kan kún un fún èrò," ni Balqees wí. "Èyí tèmi nìyẹn."

Àfáà wò mí. Mo wo Balqees. Bí mo ṣe fẹ́ dáhùn báyìí, Halimah já wọlé láti ilé ìdáná, ó ń jó, ó gbé àwo ńlá dání: iyán, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹran tó ga bí òkìtì. "Ó parí sáyọ̀!" ó ń wí. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi gangan. Òórùn ẹ̀ gbá mi lójú. Ebi inú mi jókòó tì mí, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè.

Gbogbo ilé ń wò mí. Àna ló gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ta ló bí mi dáadáa tí mà á kọ̀ ọ́?

"Balqees," ni mo wí. "Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ti kí ni?"

"Ti àwo yìí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú àwo pẹlẹbẹ kan, ó bu iyán bí ìkúùkù ọmọdé sínú ẹ̀, ó fi ẹran kan lé e, ó gbé e fún mi. Ó gbé ìyókù síwájú Abdulmajeed, ẹni tí kò ṣe àwáwí kankan.

"Bàbá," ó ní, "mo ti gba ti òní."